Òróró ẹfinrin àti kòkòrò inú ìfun tí oògùn ò ràn mọ́: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Adìẹ Ẹgbẹ́dá (Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní nǹkan tó fẹ́ tà fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Adìẹ ẹlẹ́yin 600 ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹgbẹ́dá. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an ni ìgbẹ́ wọn ti yí padà. Ó funfun, ó ń ṣàn bí omi ògì, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó òkú méjì, mẹ́ta. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ kan. Wọn ò bi mí ju "adìẹ mélòó?" lọ, wọ́n gbé oògùn lé mi lọ́wọ́. Mo lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ó dín kù fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n gbé òmíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ fún mi. Ibì kan náà la tún bára wa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọ mi ọkùnrin di òkú méjì sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Ìwé tí wọ́n fún un wà níwájú mi báyìí. Wọ́n kọ E. coli sókè, orúkọ kòkòrò tí wọ́n rí nìyẹn. Oògùn mẹ́jọ ni wọ́n tò sísàlẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà R sí iwájú mẹ́fà nínú wọn. Wọ́n ní R yẹn ni pé oògùn náà ò ràn án mọ́. Méjèèjì tí mo ti ń dà sómi wọn wà nínú mẹ́fà ọ̀hún.

Aládùúgbò mi wá ní kí n pa oògùn òyìnbó tì, pé òróró ẹfinrin àti òróró kànáfùrù ló ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ra ìgò kànáfùrù kékeré kan wá fún mi, ó ní kí n máa kán an sómi adìẹ. Ohun tó wá já mi láyà ni pé ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ń tẹ̀ lé mi wọ ilé adìẹ, ti ń ṣu gbuuru láti àná. Aládùúgbò mi ní kí n kán méjì sínú ògì rẹ̀. Mo ti ṣí ìgò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo tún dé e padà. Òórùn rẹ̀ ta mí láti imú dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni òróró ewé ń pa kòkòrò tó ti gbójú sí oògùn? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀rẹ́méjì (Ọjọ́ Ajé, 6:31 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà. Ti ọmọ ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí kò lè dúró de ti adìẹ.

Ẹ dé ìgò yẹn, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé. Ẹ má kán an sínú ògì, ẹ má fi kan ahọ́n rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn, ọmọ ọdún méjì kan wà tó mu òróró kànáfùrù tí kò ju ṣíbí tíì kan sí méjì lọ. Ó dákú lọ gbári, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Òróró yúkálípítọ́ọ̀sì náà ti mú kí gìrì gbé àwọn ọmọ kéékèèké. Ewé ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò yẹn ti kúrò ní ewé.

Ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára rẹ̀. Ẹ ra ORS, iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí à ń pò mọ́ omi, ní ilé oògùn, ẹ wo ara sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bóyá ti omi lítà kan ni tàbí ti ìdajì, kí ẹ pò ó bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Bí ẹ ò bá tètè rí i, lítà omi kan tí ẹ sè tó ti tutù, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un mu, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè síńkì pẹ̀lú. Ti ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ ni 20 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá. Kó máa jẹun lọ.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mélòó kan, bó bá ń rẹ̀ ẹ́ tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má sì ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò fún un. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, apakòkòrò kankan ò sì kan fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń ṣe sí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdùkẹ́ Onílábù (Ọjọ́ Ajé, 9:48 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ìrọ́jú. Mò ń ṣiṣẹ́ ní lábù kan ní apá Agbowó, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fi òróró ẹfinrin dán kòkòrò wò nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lójú, kí ẹ lè mọ ohun tí àwa onílábù ń pè ní "ó pa á".

Abọ́ pẹlẹbẹ kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. A ó da oúnjẹ kòkòrò sínú rẹ̀, ó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù. A ó fi owú ra kòkòrò káàkiri ojú rẹ̀, a ó lu ihò kan tó tó ojú bírò sí i, a ó kán òróró sínú ihò náà, a ó sì gbé e sínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn mọ́jú. Bí a bá ṣí i láàárọ̀, kòkòrò á ti bo ojú abọ́, á dà bí ojú ẹ̀kọ tó ti pẹ́ tó sì ti bu. Yíká ihò yẹn nìkan ló máa mọ́ kedere bíi gíláàsì. Rúlà la fi ń wọn ibi tó mọ́ náà. Mo ṣì rántí àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí i. Kòkòrò kan ni, ó ti hù dé etí bébà kékeré tí a rẹ sínú oògùn ampicillin bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òróró ẹfinrin lé e sẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi lórí fóònù.

Nítorí náà, mà, òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ dé ìwọ̀n yẹn. Òróró inú ewé ń pa kòkòrò, kódà èyí tí oògùn ò ràn. Èròjà tí wọ́n ń pè ní eugenol ló pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù. Citral ló wà nínú koríko ọba tí a fi ń se tíì. Carvacrol ló gbajúmọ̀ nínú oregano. Ẹfinrin tiwa kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: thymol ló pọ̀ nínú àwọn kan, eugenol nínú àwọn mìíràn, ìdí nìyẹn tí ẹfinrin ibì kan fi máa ń rùn bíi kànáfùrù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Awọ tó yí bakitéríà, ìyẹn irú kòkòrò wọ̀nyí, ká, ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀, òróró wọ̀nyí sì fẹ́ràn ọ̀rá. Wọ́n á wọnú awọ náà, wọ́n á tú u, ohun tó wà nínú kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde bí omi inú agbè tó ti sán. Apakòkòrò tí à ń rà sábà máa ń dojú kọ ibì kan pàtó, kòkòrò sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dí ibẹ̀. Àwọn kan ń ṣe èròjà tó ń gé penicillin sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ohun kan tó ń tu oògùn síta bí ẹni ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Òróró ń kọlu ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro fún kòkòrò láti dí gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ E. coli tó wà nínú ìwé yín, àti bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Salmonella, ní awọ mìíràn lóde ti àkọ́kọ́. Ó gba òróró tó pọ̀ kí ó tó lè wọlé sí wọn lára, ó ju ti Staphylococcus tí kò ní awọ òde yẹn lọ. Pseudomonas ló wá le jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ wá wo inú ikùn. Nínú abọ́ mi, òróró àti kòkòrò jọ sùn mọ́jú ni, kò sí oúnjẹ míì, kò sí ibi tí òróró náà ń gbà lọ. Bí èèyàn tàbí adìẹ bá gbé e mì, á pò mọ́ oúnjẹ, ara á sì ti fa èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti inú àpòlúkù àti òkè ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀. Ìsàlẹ̀ ìfun lọ́hùn-ún ni E. coli pọ̀ sí jù. Kí òróró tó lè dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n tí mo fi ń kán an sínú ihò mi, ọ̀fun á ti bó, ẹ̀dọ̀ á sì ti fara gbá. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe é fún oúnjẹ ẹran fi ń fi ọ̀rá bò ó lára, kó má baà yọ́ títí á fi dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un tó máa ń dùn mí bí mo bá rántí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, wà lára àwọn tó ṣe é. E. coli 758 ni wọ́n gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá, láti 1986 sí 1998. Lórí tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin, èyí tí oògùn ò ràn wà láàárín 9 sí 35 nínú 100 ní 1986. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di 56 sí 100 nínú 100. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣàìsàn o. Nínú ìfun àwa tí ara wa le ni kòkòrò wọ̀nyí ń gbé, wọ́n sì ń fún ara wọn ní ẹ̀bùn: èyí tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn á fi àṣírí náà lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, kódà bí wọn kì í bá ṣe ẹ̀yà kan náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Gbogbo apakòkòrò tí a dà sómi adìẹ láìnídìí ń kọ́ wọn sí i.

Ìyá Eléwé Bódè (Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún nídìí ewé ní Bódè, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí mi ni mo ti gbà á.

Ọmọ onílábù yìí sọ̀rọ̀, ó wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyá mi ò kán òróró ewé kankan sẹ́nu ọmọ rí. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nídìí ewé. Ẹfinrin fún inú rírun, ewé la fọ̀, a gún un, a fún omi rẹ̀, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àgbàlagbà mu ún. Èyí tó kù a fi se ọbẹ̀. Kànáfùrù, odidi rẹ̀ mélòó kan là ń jù sínú àgbo. Ìgò tó ń ta imú yẹn, àjèjì ni sí wa.

Ẹni tó bá ń se ẹfinrin kó dé ìkòkò rẹ̀! Mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi jà lórí èyí. Wọ́n á ṣí ìkòkò sílẹ̀ lórí iná fún wákàtí méjì, gbogbo àdúgbò á máa gbọ́ òórùn ẹfinrin, wọ́n á ní àgbo àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn. Iná kékeré, ìdérí tó wọ̀ ọ́ dáadáa, bó bá ti hó ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ má ṣí i títí á fi tutù. Omi tó sun mọ́ abẹ́ ìdérí, ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ẹni tó bá wá bá mi tó ní òun ń ṣu ẹ̀jẹ̀, tàbí ara rẹ̀ ń gbóná fòò pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, mi ò tà fún un. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sí UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn. Ewé ò ní bínú.

Àdùkẹ́ Onílábù (Ọjọ́ Ajé, 1:52 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Omi abẹ́ ìdérí tí ẹ wí yẹn gan-an ni a fi ń rí òróró ní lábù. A ó se ewé nínú omi, ooru rẹ̀ á gba ọ̀nà gíláàsì kan tí omi tútù ń ṣàn lára rẹ̀, á di omi padà, òróró á léfòó sókè. Ewé tútù kìlógíráàmù kan lè má mú ju nǹkan bíi ṣíbí tíì kan lọ, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán kan péré lè tó ewé ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó kán márùn-ún sẹ́nu ti jẹ ewé tí kò ní lè jẹ láéláé bó bá jẹ́ nínú ọbẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ajé, 3:05 ọ̀sán)

Ẹ má bínú o, ẹ ń dẹ́rù bà wá jù. Èmi ń mu òróró oregano ẹ̀kán mẹ́rin láràárọ̀ láti oṣù kan, inú tó máa ń kùn mí ti dín kù. Kò sí nǹkan tó ṣe mí àfi àyà tó ń ta mí díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀rẹ́méjì (Ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán)

Àbúrò mi, àyà tó ń ta ọ yẹn ni mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má fojú di. Irú òróró bẹ́ẹ̀ máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kí o sì sọ fún dókítà ohun tí o ti ń mu àti bí o ṣe ń mu ún, má fi í pamọ́. Inú tó ń kùn fún ìgbà pípẹ́ nílò kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bàbá Bróílà Apẹ̀tẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 7:15 alẹ́)

Ìyá Adìẹ, ẹ kú ìdààmú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi, bóyá yóò gbà yín lọ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lọ́dún tó kọjá mo ra òróró oregano lórí fóònù, mo kán an sínú omi bróílà mi lọ́wọ́ ọ̀sán, ooru sì mú. Òróró ò pò mọ́ omi. Ó léfòó sójú ife omi wọn, ó ń dán. Àwọn tó kọ́kọ́ mu ún gbé gbogbo rẹ̀ mì, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń la ẹnu. Àwọn yòókù gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n kọ̀ láti mu omi. Èmi ò mọ̀, mo ti lọ sí Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo fi padà dé lálẹ́, mẹ́tàdínlógún ti kú, òùngbẹ àti ooru ló pa wọ́n. Ara mi ṣì máa ń bù mọ́ mi bí mo bá rántí.

Mi ò pa ewé tì o. Ní báyìí, lúbúlúbú tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ẹran ni mò ń lò, èyí tí wọ́n ti fi nǹkan bo òróró rẹ̀, mo sì ń pò ó mọ́ oúnjẹ wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ilé adìẹ mi ń gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ dín kù, wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Àmọ́ nígbà tí àìsàn gidi wọlé lóṣù kẹta, kò dá a dúró. Dókítà ni mo pè.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òróró: ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òróró ewé gidi á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ tán. Èyí tí wọ́n fi òróró oúnjẹ là á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀.

Dókítà Ẹran Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀)

Ìyá, ẹ káàárọ̀. Mo ka ti gbogbo yín. Àwọn ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín: omi wo ni adìẹ yín ń mu? Bí kànga ni, ṣalángá wo ló sún mọ́ ọn, ibo ni àgbàrá sì ń gbà kọjá bí òjò bá rọ̀?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé E. coli kì í sábà dá wọ adìẹ lára. Inú ìfun adìẹ tí ara rẹ̀ le náà ló ń gbé. Nǹkan míì ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un: omi tí ìgbẹ́ wọ̀, ilé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ta ojú nítorí ìgbẹ́ tó kó jọ, tàbí àrùn ọ̀nà ọ̀fun tó ti kọ́kọ́ mú wọn. Ẹ wọ ilé adìẹ yín ní kùtù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ débi tí orí yín á fi sún mọ́ ibi tí orí adìẹ wà, kí ẹ mí kanlẹ̀. Bí omi bá jáde lójú yín, ohun tí wọ́n ń mí símú tọ̀sán-tòru nìyẹn. Ẹ sì sọ fún mi pé òjò ló bẹ̀rẹ̀ kí ìgbẹ́ wọn tó yí padà. Mo fura sí omi yín gidigidi. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí àárín kànga àti ṣalángá tó mítà 30, ó kéré tán, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kọ́lé nílùú yìí. Ẹ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí oògùn tàbí òróró.

Oògùn méjì tí wọn ò kọ R sí, ẹ má rà á fúnra yín. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà tó yẹ òkú náà wò, kó wọn ìwọ̀n rẹ̀ lórí bí adìẹ yín ṣe wúwo sí, kó sì sọ ọjọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ fi ta ẹyin. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọlọ́sìn láti da ẹyin nù. Àmọ́ oògùn ń bá ẹyin jáde, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ ń mu ìwọ̀n kékeré rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti rí èyí ṣáájú wa. Sweden ló kọ́kọ́ fòfin de fífi apakòkòrò sí oúnjẹ ẹran láti mú un tètè sanra, ní 1986. Gbogbo Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe é tán ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2006. Ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wá òróró ewé kiri gan-an. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí èròjà ìran kan tí wọ́n pè ní mcr-1 nínú E. coli ara ẹlẹ́dẹ̀, nínú ẹran ọjà, àti lára aláìsàn. Èyí ló ń jẹ́ kí kòkòrò borí colistin, ọ̀kan lára oògùn tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà. Ọ̀dọ̀ ẹran ni wọ́n ti ń lò ó bí omi nígbà náà.

Ọmọ kékeré yẹn, ẹ má jẹ́ kó wọ ilé adìẹ títí gbogbo èyí á fi lọ sílẹ̀. Ẹ ní bàtà ọ̀tọ̀ tí kò ní jáde kúrò níbẹ̀. Ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Òkú, ẹ sin ín jìn, kó má sún mọ́ kànga.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sángo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ṣé a ò lè lo òróró pẹ̀lú oògùn pọ̀, kí òróró ṣí ilẹ̀kùn kí oògùn wọlé?

Àdùkẹ́ Onílábù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán)

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, iṣẹ́ ńlá ló sì ń lọ lórí rẹ̀. Nínú abọ́, a ti rí i pé bí a bá fi òróró bíi thymol tàbí carvacrol díẹ̀ kún apakòkòrò kan, ìwọ̀n oògùn tó máa ń pa kòkòrò náà lè dín kù. Àwọn kan nínú òróró wọ̀nyí ń dí ohun tí kòkòrò fi ń tu oògùn síta. Àmọ́ nígbà míì òróró àti oògùn máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Má dán an wò nílé o. Bí o bá wà nídìí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wá iṣẹ́ ìwádìí ṣe lórí rẹ̀, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ewé ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa, kòkòrò náà ń bẹ níbí. Ó wù mí kó jẹ́ àwa la máa ṣe é.

Ìyá Adìẹ Ẹgbẹ́dá (Ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn náà, 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá.

Ọmọ wa ti le. ORS àti síńkì ni mo lò, ìgbẹ́ náà dá ní ọjọ́ kẹrin, mo sì fún un ní síńkì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgò kànáfùrù, mo ti dá a padà fún aládùúgbò mi, mo sì ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sí i létí. Ó jókòó, ó dákẹ́. Ó ní òun ti kán an fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rí, kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ òun ò ní dán an wò mọ́.

Dókítà Mọ́níyà, ẹ mọ̀ ọ́n. E. coli ni wọ́n rí nínú omi kànga wa. Ṣalángá ilé tó wà lókè wa ò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí i, láti ọjọ́ tí a ti kọ́lé ló ti wà níbẹ̀. Mò ń ra omi bọ̀hóòlù báyìí, mo ti pààrọ̀ gbogbo ife omi wọn, mo sì kó gbogbo ìgbẹ́ abẹ́ kẹ́éjì kúrò. Dókítà tó yẹ òkú wò fún mi ní ọ̀kan nínú oògùn méjì yẹn, ó wọn ọ́n fún mi. Kéréètì mẹ́sàn-án lójúmọ́ ni mo ń dà sínú kòtò fún gbogbo ọjọ́ tó kà fún mi. Mo sunkún ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Adìẹ tó kú lápapọ̀ kò kéré. Láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ẹyọ kan péré ni mo kó.

Mo ti gbin ẹfinrin sí ẹ̀yìn ilé adìẹ, ó ti ń yọ orí. Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè, mi ò ní kán nǹkan kan. Màmá Bódè, ìgbà wo ló yẹ kí n gé e?

Ìyá Eléwé Bódè (Ọjọ́ kejìlélógún, 7:10 àárọ̀)

A dúpẹ́ fún ti ọmọ. Gé e kó tó yọ òdòdó, ní kùtù, kí oòrùn tó mú. Má gé e dé ìdí o, fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè ilẹ̀, á tún rú jáde. Bí o bá ń bọ̀ lọ́jà, mú ẹ̀kúnwọ́ kan dání wá fún mi. Tí mo bá ti rún un lọ́wọ́ tí mo gbóòórùn rẹ̀, màá sọ fún ọ bóyá èyí tó ń rùn bíi kànáfùrù ni tàbí ìkejì rẹ̀, kí ọmọ onílábù lè bá wa wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ.